Bí A Ṣe Ń Fọ Ọ̀nà Èéfín Ilé Oúnjẹ, Láti Húùdù Dé Fáànù Orí Òrùlé

Iná tó ń jó ilé oúnjẹ run kì í sábà dúró síbi tó ti ṣẹ́yọ. Èyí tó bá gba orí agbada dòdò lè kú láàárín ìṣẹ́jú kan bí ẹ bá fi ọmọrí dé e. Àmọ́ tí ahọ́n rẹ̀ bá gba inú fílítà wọ páìpù èéfín, tó sì bá ọ̀rá oṣù mẹ́jọ níbẹ̀, fáànù á máa fẹ́ ẹ bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, á sì ti gbé e dé òkè kí ẹni tó wà nídìí ààrò tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá ti òun. Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹni tó ń fọ fílítà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tí kò yọjú wo inú páìpù rí, orí òrùlé ló fi tiẹ̀ sí.

Ilé oúnjẹ, búkà ńlá, ilé ìdáná hòtẹ́ẹ̀lì àti ti gbọ̀ngàn àríyá, níbi tí húùdù àti fáànù bá wà, ni a kọ èyí fún. Ẹni tó ń dáná ní gbangba lábẹ́ páànù lè fo apá ìfọ̀ kọjá, kó lọ ka ti òróró àti gáàsì nísàlẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ tọ ọ̀nà náà lẹ́sẹ̀ lẹ́sẹ̀

Húùdù ni ìbòrí irin tó wà lókè sítóòfù. Inú rẹ̀ ni fílítà wà. Lẹ́yìn fílítà ni àyè kan wà tí èéfín ń kó jọ sí. Ibẹ̀ la ti sábà máa ń bá ọ̀rá tó pọ̀ jù, torí ojú kì í tó o àfi tí ẹ bá yọ fílítà kúrò. Láti ibẹ̀ ni páìpù ti bẹ̀rẹ̀, tó ń gba ara ògiri tàbí òkè àjà lọ sọ́dọ̀ fáànù. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, ẹ tọ̀ ọ́ dópin, kí ẹ sì yà á sórí bébà: ibi tó ti tẹ̀, ibi tó ti dùbúlẹ̀, ibi tí ilẹ̀kùn àyẹ̀wò wà lára rẹ̀. Ibi tó bá dùbúlẹ̀ àti ibi tó bá tẹ̀ ni ọ̀rá ń sùn sí. Páìpù tó dùbúlẹ̀ gbọ́dọ̀ dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀, bíi sẹ̀ǹtímítà 2 lórí mítà kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀rá lè ṣàn padà síbi tí wọ́n ti ń gbè é. Tí kò bá dagẹ̀rẹ̀, adágún ọ̀rá lẹ ń sìn sókè àjà.

Àwọn àléébù kan wà tí ẹ máa rí lójú ọ̀nà yìí tí ọṣẹ kò lè wẹ̀. Fílítà oníwáyà tó rí bí àwọ̀n jẹ́ ọ̀kan. Ọ̀rá máa ń há sínú rẹ̀, iná sì máa ń gbà á kọjá. Ìlànà NFPA 96 ti Amẹ́ríkà, èyí tó wà fún ààbò iná nílé ìdáná ilé oúnjẹ, kò gbà á láyè láti dá dúró. Èyí tó yẹ ni ti irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò bọ ara wọn lẹ́nu, tí afẹ́fẹ́ á fi máa ṣẹ́rí nínú wọn, tí ọ̀rá á sì kán sílẹ̀ lára wọn. Ẹ gbé e ní ìdagẹ̀rẹ̀ tó tó ìwọ̀n 45, kí ojú àwọn irin náà sì kọ òkè sí ìsàlẹ̀. A ti rí èyí tí wọ́n dá dùbúlẹ̀: ọ̀rá ò rí ọ̀nà ṣàn, ó padà ń kán sínú ọbẹ̀.

Àléébù kejì ni páìpù fúnra rẹ̀. Irin tí wẹ́dà jó pọ̀ yíká, tí omi kò lè jò níbẹ̀, ló yẹ; NFPA 96 ní kí irin lásán nípọn tó mìlímítà 1.37, kí èyí tí kì í dógùn-ún sì tó 1.09. Páànù tí wọ́n fi rífẹ́ẹ̀tì so, páìpù alùmíníọ̀mù tó ń ká bí ìfun, tàbí páìpù oníke tí wọ́n yọ gba ojú fèrèsé, gbogbo wọn ń dúró de ọjọ́ kan ni. Tí ẹ bá rí àmì òróró lẹ́yìn páìpù níbi ojú ìsopọ̀, ó ti ń jò sí àjà. Ẹ tún wo ohun tó sún mọ́ ọn: pákó, síílìnì oníke àti wáyà iná gbọ́dọ̀ jìnnà sí i tó sẹ̀ǹtímítà 46. Àwọn wọ̀nyí, wẹ́dà àti kápẹ́ńtà lẹ máa pè kí ẹ tó pe ẹni tó ń fọ̀ ọ́.

Ẹ rí i pé ilẹ̀kùn àyẹ̀wò wà lára páìpù. NFPA 96 fẹ́ ọ̀kan ní bíi mítà 3.7 síra lórí páìpù tó dùbúlẹ̀; ìlànà TR19 tí wọ́n ń lò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tilẹ̀ fẹ́ kí wọ́n sún mọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní mítà 2. Ibi tí ọwọ́ kò bá dé, kò sí ẹni tó fọ̀ ọ́, ohun yòówù kó wà nínú rìsíìtì.

Ẹ̀ẹ̀melòó lọ́dún?

NFPA 96 pín àkókò àyẹ̀wò báyìí: oṣooṣù fún ibi tí wọ́n ń fi igi tàbí èédú dáná; oṣù mẹ́ta mẹ́ta fún ibi tó ń dáná tọ̀sán-tòru àti ibi tí wọ́n ti ń yan ẹran lórí iná gbangba; oṣù mẹ́fà mẹ́fà fún ilé oúnjẹ tó ń ṣiṣẹ́ ní ìwọ̀n; ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún fún ilé ìdáná ṣọ́ọ̀ṣì àti irú rẹ̀ tí kì í dáná lójoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ní ilé oúnjẹ ní Peckham nílùú Lọ́ńdọ̀nù ló mọ ti TR19 dáadáa, torí ilé iṣẹ́ adójútòfò wọn ń bi wọ́n. Wákàtí ni ẹ̀dà rẹ̀ àtijọ́ ń kà: wákàtí 12 sí 16 lójúmọ́, oṣù mẹ́ta; wákàtí 6 sí 12, oṣù mẹ́fà; wákàtí 2 sí 6, ọdún kan.

Ní tiwa o, ata díndín ló ń da ìṣirò yìí rú. Wákàtí mélòó kan tí ìkòkò ọbẹ̀ ata ńlá fi ń hó nínú epo lójoojúmọ́ ń rán ìkùukùu epo sókè ju fúráyà tó ní ìdérí lọ. Ilé oúnjẹ tó bá ń dín ata, tó ń dín ẹran, tó tún ń dín dòdò láti òwúrọ̀ di alẹ́, kó mú oṣù mẹ́ta, kó má bá ara rẹ̀ jiyàn. Ẹni tó sì ń sun súyà tàbí bọ̀ọ̀lì lórí èédú lábẹ́ húùdù, oṣooṣù ni tiẹ̀. Èédú kò gbọ́dọ̀ bá gáàsì pín páìpù kan náà: ẹ̀ta iná rẹ̀ ń fò lọ bá ọ̀rá tí fúráyà ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kó pamọ́.

Kàlẹ́ńdà kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀ ṣá, ẹ wọ̀n ọ́n. Ìyarun kékeré kan wà tí wọ́n fi ń wo bí ọ̀rá ṣe nípọn tó. Tó bá ti tó mìlímítà 2 lára páìpù, NFPA 96 ní kí ẹ fọ̀ ọ́. TR19 kò tilẹ̀ dúró dìgbà náà, ó ti fi ìlà tiẹ̀ sí ìdá kan nínú márùn-ún mìlímítà ní ìpíndọ́gba. Ẹni tí kò ní ìyarun lè fi sukirépà àwọn akunlé fa ìlà kan lára irin. Tí ọ̀rá bá ń ká jọ sẹ́nu rẹ̀ bí ẹni ń fá òrí nínú igbá, ọjọ́ ti kọjá.

Ohun èlò

Fún húùdù kan tó gùn tó mítà 3, pẹ̀lú fáànù kan lórí òrùlé, èèyàn mẹ́ta tó, tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ lẹ́yìn tí ẹ ti ilẹ̀kùn. Ẹ wá sukirépà méjì tàbí mẹ́ta tó gbòòrò ju ara wọn lọ, búrọ́ọ̀ṣì líle, láílọ́ọ̀nù nípọn nípọn tí ẹ lè fi bo gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀, téèpù, garawa mẹ́rin, abọ́ ńlá tí fílítà á lè rì sí, àkàbà tí kì í yẹ̀, tọ́ọ̀ṣì, àti ẹ̀rọ ìfọmi alágbára bíi ti àwọn tó ń fọ mọ́tò. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó gùn dé ìgúnpá, awò tó bo ojú pátá, ìbòmú àti bàtà tí kì í yọ̀ kì í ṣe àfikún. Òkè lẹ ń wò tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́, ojú yín ni ohun tó bá kán máa bọ́ sí.

Ọṣẹ tó lágbára jù fún ọ̀rá tó ti gan mọ́rin ni èyí tó ní kọ́sítíìkì sódà nínú. Iṣẹ́ tó ń ṣe kò ṣàjèjì: bí omi eérú ṣe ń sọ àdín di ọṣẹ dúdú ló ṣe ń sọ ọ̀rá ara irin di ọṣẹ, tí omi á fi lè gbé e lọ. Ẹ tẹ̀ lé ìwọ̀n tó wà lára ike rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ pò ó fúnra yín, gíráàmù 30 sínú lítà omi kan ti tó fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Ẹ má kọjá 50. Sódà ni kí ẹ máa rọ sínú omi díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá da omi lé sódà, á hó, á ta yín lójú. Ẹ má sì jẹ́ kó kan alùmíníọ̀mù: ó ń jẹ ẹ́, á sọ ọ́ di dúdú, gáàsì tó ń gbiná á sì máa jáde níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ fílítà olówó pọ́ọ́kú alùmíníọ̀mù ni, bẹ́ẹ̀ ni abẹ̀bẹ̀ fáànù míì. Tí ẹ kò bá dá irin kan mọ̀, ọṣẹ ìfọṣọ àti omi gbígbóná ni kí ẹ lò. Bí sódà bá ta sí ojú, omi tó mọ́ ni kí ẹ máa dà sí i fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 20, lẹ́yìn náà ilé ìwòsàn. Òróǹbó tàbí fínígà kọ́ ni oògùn rẹ̀.

Iṣẹ́ fúnra rẹ̀

Pípa ni ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ ti gáàsì láti orí sílíńdà, kì í ṣe láti orí sítóòfù nìkan, kí ẹ sì rí i pé kò sí iná kékeré kankan tó ń dá jó nínú ohun èlò. Ẹ jẹ́ kí òróró tutù pátápátá, kí ẹ gbé e kúrò tàbí kí ẹ dé e pa. Ìdí nìyí: lítà omi kan tó bá bọ́ sínú òróró gbígbóná á di bíi 1,700 lítà ooru omi lójú ẹsẹ̀, òróró yẹn ló sì máa gbé jù síta.

Lẹ́yìn gáàsì, iná mànàmáná. Ẹ pa fáànù láti ibi suwíìṣì rẹ̀ tó wà nítòsí òun gan-an, kí ẹ yọ fíúùsì rẹ̀, kí ẹni tó máa gòkè lọ kì í sí àpò ara rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ tó dá tan fúnra rẹ̀ nígbà tí iná bá lọ ti fi fáànù gé ọwọ́ ẹni tó rò pé òun ti pa á.

Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ ìpaná adáṣiṣẹ́ nínú húùdù, ẹ pe ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ kó wá dè é kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Àwọn ìdè irin kékeré wà lára okùn rẹ̀ tó máa ń yọ́ tí ooru bá pọ̀; ẹ fi omi alágbára lù wọ́n, wọ́n á já, kẹ́míkà á sì tú sórí gbogbo ilé ìdáná. Fífọ ìyẹn kúrò àti kíkún ẹ̀rọ náà padà á ju owó iṣẹ́ yín lọ. Iṣẹ́ parí ni kí ẹni náà padà wá tú u sílẹ̀, kí ó sì bu ọwọ́ lùwé. Èyí tí wọ́n dè tí wọ́n gbàgbé láti tú burú ju kí ó má sí lọ, torí ọkàn yín á balẹ̀ lásán.

Ẹ wá fi láílọ́ọ̀nù bo sítóòfù, fúráyà, tábìlì àti ilẹ̀. Ẹ so òmíràn mọ́ etí húùdù yíká bí àrọ, kí ẹnu rẹ̀ wọ inú garawa, kí omi ìdọ̀tí lè gba ojú kan ṣàn.

Ẹ yọ fílítà, kí ẹ rì wọ́n sínú omi gbígbóná bíi 60 sí 70°C pẹ̀lú ọṣẹ. Ẹ fi wọ́n síbẹ̀ fún ìdajì wákàtí. Wọ́n á máa rọ̀ lọ́wọ́ ara wọn nígbà tí ẹ bá wà lókè.

Òkè ni a sì ti ń bẹ̀rẹ̀, torí ohun gbogbo ń bọ́ sísàlẹ̀. Fáànù orí òrùlé yẹ kó ní ìdè ilẹ̀kùn tí a fi ń dojú rẹ̀ kọ ẹ̀gbẹ́ kan. Ibi tí kò bá ti ní, àwọn òṣìṣẹ́ máa ń fà á yẹ̀ sápá kan, á wá rọ̀ mọ́ wáyà iná rẹ̀. Wáyà á fà já tàbí kó bó, iná á máa ta lára irin tí ọ̀rá wà. Ẹ ní kí wẹ́dà fi ìdè náà sí i kí ẹ tó ṣe èyí lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ fi láílọ́ọ̀nù wé mọ́tò fáànù dáadáa, kí omi má kàn án. Gbogbo abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ fá dọ́gba. Bí ẹ bá fá apá kan tí ẹ fi apá kejì sílẹ̀, á máa gbọ̀n tó bá ń yí, béárìn rẹ̀ á jẹ láìpẹ́. Tó bá jẹ́ oníbẹ́líìtì, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ bẹ́líìtì náà: kó rọ̀ wọlé bíi sẹ̀ǹtímítà kan. Tó bá rọ̀ jù bẹ́ẹ̀, fáànù á máa yí ṣùgbọ́n kò ní fà.

Láti fáànù, ẹ bọ́ sí páìpù. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn àyẹ̀wò gbogbo. Ẹ fá a ní gbígbẹ kí omi tó kàn án rárá. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣèrú nìyí: wọ́n á fọ́n ọṣẹ sórí ọ̀rá tó nípọn, ojú rẹ̀ á rọ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á wà bó ṣe wà. Ọ̀rá kílò kan tí ẹ bá fi sukirépà kó sínú garawa kò ní wọ gọ́tà mọ́, kò sì ní jẹ ọṣẹ yín. Lẹ́yìn fífá, ẹ fọ́n ọṣẹ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kó má baà máa ṣàn sórí ibi gbígbẹ kó sì fi ìlà sílẹ̀; ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 10 sí 20, ẹ má jẹ́ kó gbẹ. Omi gbígbóná lẹ máa fi ṣan án, láti òkè wá sísàlẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀rá méjì ló wà: èyí tó rọ̀ tó pupa rẹ́súrẹ́sú, ẹ̀ẹ̀kan ló ń lọ, èyí tó ti gan, tó dúdú, tó ń dán bí ọ̀dà, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ máa tún un ṣe. Irin gan-an ni kí ẹ fẹ́ rí. NFPA 96 gbà pé páìpù mọ́ tí ohun tó kù kò bá ju micron 50 lọ, ìyẹn ìdá kan nínú ogún mìlímítà, tó tín-ín-rín ju irun orí lọ. Aṣọ funfun tí ẹ bá fi nù ún kò gbọ́dọ̀ jáde ní dúdú.

Húùdù ni ó kẹ́yìn: ẹ̀yìn fílítà, kòtò tí ọ̀rá ń ṣàn sí, ife tó ń gbè é, ara gíláàsì iná. Ẹ má fọ́n omi sí iná náà tààrà. Àwọn ọmọrí kékeré tó wà lẹ́nu ìfọ́n ẹ̀rọ ìpaná, ẹ kà wọ́n kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tún kà wọ́n lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹnu ìfọ́n tí ọmọrí rẹ̀ sọnù á kún fún ọ̀rá, kò ní lè fọ́n lọ́jọ́ iná.

Ẹ dá ohun gbogbo padà. Ilẹ̀kùn àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ohun tí a fi dí etí rẹ̀ kó má baà jò. Fílítà gbọ́dọ̀ fara kan ara wọn. Àlàfo tó gba ìka méjì láàárín wọn tó kí èéfín pa fílítà tì, kó gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ tan fáànù, kí ẹ gbé bébà kan sún mọ́ fílítà: ó yẹ kó lẹ̀ mọ́ ọn. Bí kò bá lẹ̀, ẹ wò ó bóyá sẹ́yìn ni fáànù ń yí. Fáànù oníwáyà mẹ́ta a máa ṣe bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá pààrọ̀ wáyà méjì fún ara wọn nígbà tí wọ́n ń so ó padà, tàbí tí ètò wáyà jẹnẹrétọ̀ kò bá bá ti iná ìjọba mu. Á ṣì máa fà díẹ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi í tètè hàn. Tó bá sì jẹ́ pé ilẹ̀kùn ilé ìdáná ń le láti fà ṣí nígbà tí fáànù wà lórí, afẹ́fẹ́ tó ń wọlé kò tó èyí tó ń jáde. Èéfín á máa ṣẹ́rí padà sójú alásè.

Ó ku ìdọ̀tí. Ẹ má da ọ̀rá sí gọ́tà. Ẹ kó o sínú ike tó lómọrí, kí ẹ fún àwọn tó ń kó òróró àlòkù. Àkísà tó ti mu òróró léwu jù bí ẹ ṣe rò lọ: tí ẹ bá kó o jọ ní gbígbóná sí kọ̀rọ̀ kan, ó lè máa gbóná sí i fúnra rẹ̀ kó sì gbiná ní wákàtí mélòó kan lẹ́yìn tí gbogbo yín ti lọ sílé. Garawa irin tó lómọrí, tí omi wà nínú rẹ̀, ni ibùsùn rẹ̀.

Òróró, gáàsì, àti ohun tí ẹ máa fi pa iná

Ìwọ̀n tí a fi ń dín nǹkan jẹ́ 175 sí 190°C. Fúráyà tó dára ní ohun méjì tó ń ṣọ́ ooru: ọ̀kan tí ẹ ń yí, ìkejì tó ń gé iná kúrò tí òróró bá ti dé 246°C. Ìkejì yìí ni àwọn atúnṣe máa ń so wáyà kọjá rẹ̀ nígbà tó bá bàjẹ́, kí iṣẹ́ lè lọ. Ẹ má gbà á. Òróró tó ti dúdú látàrí lílò á máa rú èéfín á sì máa gbiná ní ooru tó kéré sí ti tuntun, torí náà kì í ṣe adùn nìkan lẹ fi ń pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí fúráyà jìnnà sí sítóòfù oníná gbangba tó sẹ̀ǹtímítà 40, tàbí kí ẹ fi irin tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 20 dá wọn láàárín.

Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Tó bá jò, ilẹ̀ ló ń bá lọ, á lọ lúgọ sí abẹ́ tábìlì àti inú gọ́tà. Ìta ni sílíńdà gbọ́dọ̀ wà, kó dúró ṣánṣán, kó jìnnà sí ẹnu gọ́tà àti jẹnẹrétọ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá pààrọ̀ sílíńdà, omi ọṣẹ ni kí ẹ fi pa ojú régúlétọ̀ àti họ́ọ̀sì. Ibi tó bá ń yọ ìfófòó ló ń jò. Họ́ọ̀sì tó bá ti ń ya tàbí tó ti le, kó lọ sí ààtàn.

Lórí ohun ìpaná, a ní ọ̀rọ̀ kan tí ọ̀pọ̀ onílé oúnjẹ kì í fẹ́ gbọ́: sílíńdà pupa oníyẹ̀fun tẹ́ ẹ gbé kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fúráyà kò tó. Ní Amẹ́ríkà, títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ẹ̀rọ ìpaná oníyẹ̀fun wà nínú húùdù púpọ̀. Nígbà tí àwọn ilé oúnjẹ wá kúrò lórí ọ̀rá ẹran bọ́ sórí òróró, tí fúráyà sì ń pa ooru mọ́ pẹ́, ìyẹ̀fun á pa ọwọ́ iná, òróró abẹ́ rẹ̀ á ṣì gbóná débi tó fi máa tún gbiná fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí UL 300, ìdánwò fún ẹ̀rọ ìpaná inú húùdù, fi bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 1994, tí kẹ́míkà olómi sì gbapò. Òróró àti epo pupa làwa ti ń lò tipẹ́, torí náà ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gan-an. Kẹ́míkà olómi yìí ní pọ̀tásíọ̀mù nínú, ọmọ ìyá kan náà pẹ̀lú omi eérú: ó ń sọ ojú òróró di ọṣẹ tó ń fó, ọṣẹ yẹn á bò ó mọ́lẹ̀ á sì mú un tutù. Lẹ́tà F ló máa ń wà lára irú rẹ̀ tó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Yúróòpù, K sì wà lára ti Amẹ́ríkà. Ẹ gbé e sí ojú ọ̀nà àbájáde, kó má ju mítà 9 lọ síbi ìdínǹkan; ẹ má gbé e sẹ́yìn fúráyà, níbi tó jẹ́ pé inú iná lẹ máa na ọwọ́ gbà. Ìyẹ̀fun wúlò fún iná pákó, bébà àti ti wáyà, ẹ fi tiyín sílẹ̀ fún ìyẹn.

Bí òróró bá gbiná: ẹ pa gáàsì bí ọwọ́ bá lè dé ibẹ̀ láìgba orí iná; ẹ ti ọmọrí wọlé láti ẹ̀gbẹ́, ẹ má sọ ọ́ lé e láti òkè; ẹ má gbé ìkòkò náà, ẹ má da omi sí i. Ẹ fi ọmọrí sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí ó kéré tán. Fúráyà ńlá kò ní ọmọrí tó tó o, kẹ́míkà olómi ni tiẹ̀: ẹ dúró sókèèrè, kí ẹ máa fọ́n ọn wọ́ọ́rọ́wọ́ọ́ lọ bọ̀ lójú òróró títí ike á fi tán. Ibi tí ẹ̀rọ adáṣiṣẹ́ bá wà, ẹ fa ọwọ́ rẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà, kí ẹ sì jáde. Tí iná bá ti wọ fílítà, ẹ má dúró wá suwíìṣì kankan. Ẹ kó gbogbo èèyàn síta, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ pe panápaná: 767 tàbí 112 ní Èkó, 999 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 911 ní Amẹ́ríkà. Ẹ sọ fún wọn pé inú páìpù èéfín ni iná wà, kí wọ́n lè mọ̀ pé òrùlé ni àwọn máa kọ́kọ́ wò.

Bó bá jẹ́ pé ẹ gbéṣẹ́ fún ẹlòmíràn

Ẹ̀yin tẹ ni ilé oúnjẹ lẹ ni ẹ̀bi tó bá tibẹ̀ yọ. Òfin ààbò iná ọdún 2005 ní ilẹ̀ England àti Wales tilẹ̀ fi orúkọ sí ẹni náà lórí, ẹni tó ń bójú tó ibẹ̀ ni wọ́n ń bi léèrè. Kí ẹ tó dá owó, ẹ ní kí ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ wá wo páìpù náà lọ́sàn-án. Ẹni tó bá fi fóònù dá iye owó lé e láìwá, húùdù ló fẹ́ nù. Ẹ béèrè fọ́tò inú páìpù kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tó parí, láti ojú ilẹ̀kùn kan náà, àti ti abẹ̀bẹ̀ fáànù. Ìwé tó máa fún yín gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ iṣẹ́, ibi tó fọ̀, àti ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kò dé pẹ̀lú ìdí rẹ̀. Apá ìkẹyìn yìí ló máa ń sọnù jù. Ẹ fi ìdá kan nínú owó náà mọ́wọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ fi àkàbà gòkè, ẹ ní kó ṣí fáànù, kí ẹ sì ki ọwọ́ sínú rẹ̀ kí ẹ tó san ìyókù.